Kí ló ba orin Gerontius jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ fún èrò gbọ́?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, orin wo gan-an lẹ̀ ń sọ yìí?

Ìdáhùn: The Dream of Gerontius ni, Edward Elgar ará Ìlú Ọba ló kọ ọ́. Bàbá arúgbó kan tó ń kú lọ nìtàn inú ẹ̀, àwọn èèyàn ń gbàdúrà lé e lórí títí ẹ̀mí fi bọ́, áńgẹ́lì wá ń mú ọkàn ẹ̀ lọ síwájú Ọlọ́run, wọ́n kọjá níbi táwọn ẹ̀mí èṣù ti ń pariwo kí wọ́n tó dé ibi táwọn áńgẹ́lì ti ń kọrin. Kádínà John Henry Newman tó gbé ní Birmingham ló kọ ewì yẹn lọ́dún 1865. Ẹ má sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n rárá o, torí "Ìyìn f'Ẹni Mímọ́ jùlọ" tí à ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, inú ewì yẹn náà ló ti wá! Àmọ́ ti Elgar kì í ṣe orin ẹlẹ́sẹẹsẹ tá a mọ̀, kúáyà méjì ló ń dá ara wọn lóhùn níbẹ̀, ohùn mẹ́jọ.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ó dàrú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣé orin náà ni ò dáa?

Ìdáhùn: Rárá o, orin náà dáa, ìmúrasílẹ̀ ni ò sí. October 3, 1900 ni, nínú Town Hall Birmingham, ibẹ̀ náà ni Mendelssohn, olórin ará Jámánì, ti kọ́kọ́ gbé orin ńlá rẹ̀ Elijah jáde lọ́dún 1846, torí náà kúáyà ibẹ̀ kì í ṣe kúáyà yẹpẹrẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Charles Swinnerton Heap tó ń kọ́ wọn lórin, tó mọ Elgar dáadáa tó sì gbà á gbọ́, ó kú lójijì ní June ọdún yẹn. Wọ́n wá lọ pe William Stockley padà, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, orin àtijọ́ ló mọ̀ ọ́n kọ́ èèyàn, irú orin tí nóòtì ń yí gbirigbiri báyìí ò bá a lára mu. Elgar fúnra ẹ̀ náà pẹ́, August 3 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ti ọ́kẹ́sítírà, ìwé orin àwọn akọrin ń ti ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé jáde díẹ̀díẹ̀, Hans Richter tó máa darí gbogbo wọn kò sì rí odindi ìwé náà gbà títí ó fi ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ práátíìsì. Ó dùn mí gan-an tí mo bá rántí ẹ̀, torí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ tó fẹ́ kó bàjẹ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé torí àdúrà Kátólíìkì tó wà nínú ẹ̀ ni, pé Pùròtẹ́sítáǹtì ló pọ̀ jù nínú àwọn akọrin. Ó ṣeé ṣe kó dí wọn lọ́kàn díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ lójú tèmi àìmọ nóòtì ló pa wọ́n.

Ìbéèrè: Báwo ni orin tiẹ̀ ṣe ń dàrú níwájú èrò?

Ìdáhùn: Ohùn wọn ń wálẹ̀ ni. Ẹ wo Kyrie, àdúrà "Olúwa ṣàánú", tó wà níbẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́ ni àwọn akọrin díẹ̀ á wọlé, bí ẹni tó ń gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Kíkọrin jẹ́jẹ́ ṣòro ju kíkọ ọ́ sókè lọ, tí nóòtì ò bá dá ẹ lójú wàá máa fà sẹ́yìn, èémí á kúrú, ohùn á máa lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láì mọ̀, ìgbà tí ọ́kẹ́sítírà bá tún wọlé ni gbogbo ayé á gbọ́ pé ẹ ò sí níbì kan náà mọ́. Ti àwọn ẹ̀mí èṣù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ torí ohùn kan ń lé ohùn kejì ni, ẹni tó bá pàdánù ibi tó yẹ kó ti wọlé, ó di kó máa wo ẹnu ẹlòmíì.

Ìbéèrè: Ta ló wá gba orin náà là?

Ìdáhùn: Ará Jámánì kan, Julius Buths. Ó wà ní Birmingham lọ́jọ́ yẹn, ó gbọ́ bó ṣe dàrú, síbẹ̀ ó mọ̀ pé ohun ńlá ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sí èdè Jámánì, ó sì darí ẹ̀ ní Düsseldorf ní December 1901, ó tún ṣe é ní May 1902, Richard Strauss, olórin ńlá ará Jámánì, wà níbẹ̀, ó gbé ife sókè ó yin Elgar. Ìgbà yẹn làwọn ará Ìlú Ọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń pariwo orin náà, wọ́n sì gbé e dé Westminster Cathedral ní London lọ́dún 1903.

Ìbéèrè: Ibo lẹ fẹ́ ká tẹ́tí sí jù, sà?

Ìdáhùn: Apá kejì, lẹ́yìn tí orin áńgẹ́lì bá ti parí, nígbà tí ọkàn náà dé iwájú Ọlọ́run. Elgar kọ́kọ́ fẹ́ yẹra fún ibẹ̀, àmọ́ August Jaeger ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Novello, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé orin, ò gbà fún un, ó fi lẹ́tà yọ ọ́ lẹ́nu títí tó fi padà kọ ọ́. Ó wá kọ ọ́ sínú ìwé pé fún ìgbà kúkúrú kan ṣoṣo kí gbogbo ohun èlò lo gbogbo agbára wọn. Ẹ fẹ̀sọ̀ gbọ́ ọ o, torí ó máa ń yára kọjá, tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ ò ní gbọ́ ọ.