Ìyókù tí kì í kọjá ààlà rẹ̀

Bí òní bá jẹ́ Ọjọ́ Ajé, kí ni a ó máa pe ọjọ́ tí ọjọ́ mẹ́wàá bá pé lẹ́yìn òní? Kò sẹ́ni tó ń fi ìka kà á. A ó yọ 7 kúrò nínú 10, ó ku 3, a ti dé Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Irú ìṣirò tí mo fi ń jẹun nìyí: ìyókù nìkan là ń tọ́jú. Nínú agbo 7, a ò ní ju 0 títí dé 6 lọ. Torí pé kò sí nọ́ńbà tó lè pín 7 dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, gbogbo ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti ìpín ló ń ṣeé ṣe níbẹ̀, àfi kéèyàn fi 0 pín nǹkan.

Ẹ mú bébà, ẹ kọ y² = x³ + x + 1. Ẹni tó bá yà á bó ṣe wà, ìlà tó tẹ̀ ni yóò rí. Nínú agbo 7, àmì wọ́ńwọ́n ni. Ẹ fi 2 sí ipò x: 8 + 2 + 1 jẹ́ 11, ìyókù rẹ̀ 4. Kí la fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tó di 4? 2 ni, àti 5 náà, torí 25 yọ 21 ku 4. Àmì méjì nìyẹn. Ẹ fi 3 síbẹ̀: 31, ìyókù rẹ̀ 3, kò sì sí nọ́ńbà tó ń bí 3 báyẹn. Òfo.

Mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ +1 síbi tí àmì méjì bá ti yọ, kí wọ́n kọ −1 síbi òfo. Láti 0 dé 6, ó ń lọ báyìí: +1, −1, +1, −1, −1, −1, −1. Àpapọ̀ rẹ̀ −3. Ẹ yọ 3 nínú 7, ó ku 4, iye àmì tó wà níbẹ̀ gan-an. (Àwa máa ń ka ọ̀kan sí i, tó wà ní àìlópin, ó wá di 5.)

−3 yẹn ni mo nífẹ̀ẹ́ sí jù. Ńṣe ni +1 àti −1 wọ̀nyí dà bí ọkà tó dà sílẹ̀. Síbẹ̀, ní 1933, Helmut Hasse, ará Jámánì, fi hàn pé bí agbo bá jẹ́ p, ìyẹn nọ́ńbà bíi 7 tí kò ṣeé pín dọ́gba, àpapọ̀ irú èyí, ì báà jẹ́ + tàbí −, kò ní ju ìlọ́po méjì √p lọ láé. Ti 7 kò ju 5.29 lọ. André Weil, ará Faransé, ti gbé e dé orí àwọn ìlà tó lọ́jú pọ̀ ju èyí lọ. Ẹ̀wọ̀n Rouen ló wà ní 1940 nígbà tó rí ọ̀nà rẹ̀.

Ní 1948 Weil lo irú agbára kan náà fún àpapọ̀ ọfà, ìyẹn àwọn ìṣísẹ̀ tó gùn dọ́gba, tí kálukú kọjú sí apá tirẹ̀. Ẹ ronú aago olójú méje, láti 0 dé 6. Ẹ fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ mú ìyókù: 0, 1, 4, 2, 2, 4, 1. Ẹ rin ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí apá tí wọ́n tọ́ka sí. Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ méje, ẹ ó jìnnà sí ibi tí ẹ ti gbéra ní √7 gééré, bíi 2.65. Wọ́n ti pa ara wọn rẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìlà P-256, irú ìlà tí a yà lókè yẹn náà ni, wà lára èyí tó ń ti ìlẹ̀kùn ọ̀rọ̀ nígbà tí fóònù bá ń bá báǹkì sọ̀rọ̀. p rẹ̀ ní dígíìtì 78, a sì gbọ́dọ̀ mọ iye àmì rẹ̀ láìṣẹ́ku kan. Ta ló máa kà á tán? Ní 1985, René Schoof fi ààlà Hasse ṣe é: ó wá ìyókù àpapọ̀ +1 àti −1 náà lórí 3, lórí 5, lórí 7, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, títí ìsọdipúpọ̀ wọn fi ju fífẹ̀ ààlà náà lọ. Nígbà yẹn, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló kù tó bá gbogbo ìyókù náà mu.