Ìdánudúró Ló Ń Tú Àṣírí: Bí Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Ṣe Ń Hàn Nínú Ohùn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ohùn ẹkún la máa gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá fínra. Èrò yìí léwu, torí ó ń jẹ́ ká gbójú fo ẹni tí àìsàn náà ti wọ̀ lára. Ẹkún ń gba agbára: ohùn ẹni tó ń sunkún máa ń gbọ̀n, ó ń lọ sókè, ó ń já. Ohùn ìrẹ̀wẹ̀sì kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ṣe ló máa ń lọ pẹrẹsẹ lójú kan, ó ń rẹlẹ̀, ó sì ń falẹ̀.

Gògóńgò fi ìwà jọ dùndún. Èémí tó ń ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀ ló ń mú tán-án-ná, ìyẹn awẹ́ ẹran méjì tó wà nínú gògóńgò, gbọ̀n, bí ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan fún àgbà ọkùnrin, bí ìgbà 200 fún obìnrin. Bí iṣan bá fún un le, ohùn á ròkè, bí ìgbà tí onílù fún ọṣán mọ́ abíyá. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlù kì í dá lu ara rẹ̀. Ọwọ́ kan ló di kọ̀ǹgọ́ mú, ibẹ̀ gan-an sì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ti ń ṣọṣẹ́. Kí gbólóhùn kan tó jáde, ọpọlọ á ti ṣa ọ̀rọ̀, á tò ó, á sì ránṣẹ́ sí iṣan ètè, ahọ́n, ọ̀fun àti àyà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń fa iṣẹ́ yìí sẹ́yìn. Ó ti lé ní 100 ọdún tí Emil Kraepelin, oníṣègùn ọpọlọ ará Jámánì, ti kíyè sí i pé irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, pẹ̀lú iyèméjì, lóhùn kan ṣoṣo.

Lọ́dún 1976, àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta, Szabadi, Bradshaw àti Besson, rí ọ̀nà tó rọrùn láti wọn ọ̀rọ̀ náà, ọgbọ́n inú rẹ̀ sì pọ̀. Wọ́n ní kí àwọn aláìsàn ka oókan dé ẹẹ́wàá. Kò sí ìbànújẹ́ kankan nínú òǹkà, kò sì sẹ́ni tó ń wá ọ̀rọ̀ tì níbẹ̀. Bí nǹkan kan bá yí padà, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ ló fà á. Àkókò tí wọ́n fi ń pe nọ́ńbà kò yí padà. Ìdánudúró tó wà láàárín nọ́ńbà kan sí èkejì ló gùn, nígbà tí ara wọn sì yá, ó kúrú padà. Awọ ìlù kò ya, ọṣán kò tú: kọ̀ǹgọ́ ló ń pẹ́ kó tó balẹ̀.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ti ń wọn ìdánudúró yìí, àti bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò. Ibi tí ètò náà ti kù díẹ̀ káàtó ni pé wọ́n sábà máa ń fi ohùn ẹnì kan wé ti ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò mọ̀ rí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ nílẹ̀ láti kékeré nìyẹn. Àìsùn àti àìsàn Parkinson, àìsàn ọpọlọ tó máa ń mú ara gbọ̀n, náà lè sọ ohùn di pẹrẹsẹ. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì rẹ̀ bá sì pọ̀ mọ́ àìbalẹ̀ ọkàn lè máa sọ̀rọ̀ kíákíá.

Ohùn ènìyàn fúnra rẹ̀ ló yẹ ká fi wé ohùn rẹ̀. Ohun tí olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Mundt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nìyẹn nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2007: àwọn aláìsàn 35 tó ń gba ìtọ́jú ń pe nọ́ńbà fóònù kan fún ọ̀sẹ̀ 6, ẹ̀rọ sì ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tí ìtọ́jú ṣiṣẹ́ fún, ìdánudúró dín kù, ọ̀rọ̀ yá sí i, ohùn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò.