Báǹkì Lè Kógbá Sílé, Owó Yín Kò Gbọdọ̀ Bá A Lọ

Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà máa ń bi àwa òṣìṣẹ́ báǹkì jù ni pé: bí báǹkì bá kógbá sílé, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí owó àwọn? Kí n tó dáhùn, mo máa ń mú wọn lọ sí Amẹ́ríkà ìgbà tó wà láàárín ogun àgbáyé méjèèjì. Ojú àwọn ará ibẹ̀ rí màbo kí òfin tó dúró ti olówó kékeré.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé owó tí ẹ kó wá fún wa kì í sùn sínú yàrá owó. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ la máa ń yá àgbẹ̀, oníṣòwò àtẹni tó fẹ́ kọ́lé, a ó wá fi ìwọ̀nba sílẹ̀ de ẹni tó bá fẹ́ gbowó lónìí. Bí gbogbo oníbàárà bá ya wá lọ́jọ́ kan náà, kò sí báǹkì tó lè san án tán, bó ti wù kó dáa tó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn ní Bronx, nílùú New York, lọ́jọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1930. Bank of United States lorúkọ báǹkì náà, ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ sì jẹ́ Júù tó ṣí wá láti Yúróòpù, àwọn tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ yẹn mú kí ọ̀pọ̀ wọn rò pé ti ìjọba ni, bẹ́ẹ̀ báǹkì aládàáni ni. Ìròyìn ìgbà náà ní oníṣòwò kan ló wá ta ìpín tó ní nínú báǹkì ọ̀hún, tí wọ́n gbà á nímọ̀ràn pé kó má tà á. Ló bá bọ́ síta, ó ń sọ fáyé gbọ́ pé wọn ò san owó òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èrò ti kún ojú pópó, ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin ló ń tì wọ́n sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì, ìjọba ìpínlẹ̀ ti báǹkì náà pa. Àwọn tó lówó níbẹ̀ lé ní 400,000.

Láàárín ọdún 1930 sí 1933, nǹkan bí 9,000 báǹkì ló dákẹ́ ní Amẹ́ríkà. Òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò jẹ́ kí báǹkì ní ẹ̀ka, nítorí náà báǹkì ìlú kékeré kan lè gbára lé àgbẹ̀ àlìkámà tàbí olówùú nìkan. Bí iye ọjà bá ti já wálẹ̀, àgbẹ̀ ò ní lè san gbèsè, báǹkì á sì bá a rì. Ní Kánádà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, báǹkì ńláńlá díẹ̀ tó ní ẹ̀ka káàkiri ni wọ́n ní. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kógbá sílé nígbà ìṣòro náà.

Ní oṣù Kejì ọdún 1933, gómìnà Michigan ti gbogbo báǹkì ìpínlẹ̀ rẹ̀ pa, ìjáyà sì ràn. Franklin Roosevelt gorí oyè Ààrẹ Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹta. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 6, ó ti pàṣẹ kí gbogbo báǹkì orílẹ̀-èdè náà tìlẹ̀kùn. Ọjọ́ 9 ni Kọ́ńgréèsì ṣòfin tó jẹ́ kí wọ́n yẹ ìwé báǹkì wò, kí èyí tó bá yè kooro padà ṣílẹ̀kùn. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 12, Ààrẹ bá aráàlú sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ó ṣàlàyé ibi tí owó wọn wà, ó sì ní báǹkì tó bá ṣí padà láàbò ju abẹ́ ibùsùn lọ. Nígbà tí báǹkì ṣí, owó ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kó padà wá.

Ọ̀rọ̀ yẹn dáa, àmọ́ lójú tèmi, òfin tí wọ́n buwọ́ lù lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún náà ló ṣe gudugudu méje. Òun ló dá FDIC sílẹ̀, àjọ adójútòfò fún owó inú báǹkì. Roosevelt fúnra rẹ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, àwọn oníbáǹkì ńlá náà sì takò ó. Wọ́n ní báǹkì tó ń ṣọ́ra ni yóò máa san gbèsè aláìbìkítà. Àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ti gbìyànjú irú rẹ̀ rí, owó àpò náà tán pátápátá. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán, ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ìwé fi gbọ́dọ̀ bá ìdójútòfò rìn. Henry Steagall, aṣòfin láti Alabama, ló takú pé àfi kí wọ́n ṣe é. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1934, àjọ náà dúró fún 2,500 dọ́là owó ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọdún yẹn kan náà ó di 5,000. Báǹkì mẹ́sàn-án péré lára àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló kógbá sílé lọ́dún náà. Nígbà tí èèyàn mọ̀ pé owó òun ò ní sọnù, kò sídìí láti sáré.

Ní Nàìjíríà, NDIC ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti ọdún 1989. Nígbà tí wọ́n gba ìwé àṣẹ Heritage Bank ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, BVN ni wọ́n fi wá àkáǹtì mìíràn tí oníbàárà ní, wọ́n sì sanwó síbẹ̀, títí dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà báǹkì yín bóyá àmì NDIC wà níbẹ̀. Ìpín tí ẹ rà nínú báǹkì kò sí lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó tí ẹ fún àwọn elérè gọbọi tí kò níwèé àṣẹ. Ẹni tí owó rẹ̀ bá sì ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ yóò dúró dìgbà tí wọ́n bá ta dúkìá báǹkì náà, tí wọ́n sì gba gbèsè lọ́wọ́ àwọn tó yáwó níbẹ̀.