Ìdí Tí Ará Ìlú Fi Ń Fara Mọ́ Owó Orí Ohun Mímu Aládùn Níbì Kan, Tí Wọ́n sì Ń Kọ̀ Ọ́ Níbòmíràn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí owó orí ohun mímu aládùn bá ṣe pọ̀ tó ni ìbínú ará ìlú yóò ṣe pọ̀ tó. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn olùdìbò ìlú Berkeley ní Amẹ́ríkà ló fọwọ́ sí owó orí sẹ́ǹtì kan lórí áúnsì kọ̀ọ̀kan (nǹkan bí mílílítà 30). Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, iye kan náà bẹ̀rẹ̀ ní Cook County, níbi tí Chicago wà, ṣùgbọ́n ariwo ará ìlú pọ̀ débi pé ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún yẹn, owó orí náà ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Kí ló wá fa ìyàtọ̀? Ní Berkeley, ọwọ́ àwọn tó ń pín ọjà fún ìsọ̀ ni wọ́n ti ń gba owó náà, òfin sì yan àwọn onímọ̀ tí yóò máa gba ìjọba ìlú nímọ̀ràn lórí bí wọn yóò ṣe náwó láti dín mímu ṣúgà kù. Ní Cook County, ìbò àwọn ìgbìmọ̀ pín sí 8 sí 8 kí alága tó fi tirẹ̀ kún un, ẹni tó ń rajà sì ń rí owó náà lórí rìsíìtì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló mọ̀ pé àlàfo inú ètò ìṣúná ni wọ́n fẹ́ fi dí. Èyí tó burú jù ni pé òfin náà kan ohun mímu tí kò ní ṣúgà rárá, èyí tí wọ́n fi èròjà àtọwọ́dá mú dùn. Ta ni yóò tún gbà pé ìlera ni wọ́n torí rẹ̀ ń gbowó?

Ètò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́n ju méjèèjì lọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2018, pẹ́nsì 18 ni ilé iṣẹ́ ń san lórí lítà kan bí ṣúgà bá tó gíráàmù 5 nínú mílílítà 100, pẹ́nsì 24 bí ó bá tó gíráàmù 8, èyí tí kò bá sì tó 5 kò san nǹkan kan. Láti ọdún 2016 ni ìjọba ti kéde rẹ̀, bí oníbodè tó sọ ọ̀nà tí èrò lè gbà yẹ bodè sílẹ̀, tí inú rẹ̀ sì ń dùn bí wọ́n ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló dín ṣúgà kù kí ọjọ́ náà tó pé, ẹni tó ń rajà kò sì rí ohun púpọ̀ bínú sí. Àmọ́ oníbodè bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi owó bodè gbọ́ bùkátà, nítorí bí ètò náà bá ṣe ń ṣiṣẹ́ sí i ni owó tó ń wọlé yóò máa dín kù, ohun tí àwọn ìgbìmọ̀ Cook County kò sì lè fara mọ́ nìyẹn.