Agídí òòfà, kì í ṣe "agbára ìfipámúni"

Ẹni tó bá ti ka àlàyé lórí mọ́tò (ẹ̀rọ tí iná ń yí ni mò ń wí o, kì í ṣe ọkọ̀) á ti bá "agbára ìfipámúni" pàdé: bí òòfà inú mọ́tò ṣe ń kọ̀ láti di irin lásán ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ta ló fipá mú ta? Àwọn mìíràn ní "kòásífítì" (coercivity, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀), bí ẹni pé àlàyé nìyẹn. Agídí òòfà ni èmi ń pè é, mi ò sì ní yí i padà.

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ èébú ni agídí, pé kí n sọ ọ́ di ìfaradà. Rárá o. Ẹni tó ń fara dà lè máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí à ń sọ, wọ́n ń tì í sẹ́yìn, ó ní òun ò lọ. Nínú mọ́tò, iná tó ń gba inú kọ́ìlì kọjá máa ń dojú kọ òòfà nígbà mìíràn, bíi pé kó sọ ọ́ di irin lásán. Ìwọ̀n ìdojúkọ tí òòfà lè gbà kó tó juwọ́ sílẹ̀, òun ni agídí rẹ̀.

Ẹ wo oníjàkadì méjì. Ọ̀kan lè gbé èèyàn sọ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rọra tì í, ó ti ṣubú. Èkejì kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Agbára ni ti àkọ́kọ́, agídí ni ti èkejì.

Orúkọ tí wọ́n ń fún òòfà neodymium (irú òòfà alágbára kan) gan-an ya méjèèjì sọ́tọ̀: N42, N35SH. Nọ́ńbà ń sọ agbára, lẹ́tà ìdí rẹ̀ ń sọ agídí. N42, tí kò ní lẹ́tà ìdí, lágbára jù, síbẹ̀ 80°C ni wọ́n sábà ń fi ṣe òpin ooru rẹ̀, nígbà tí N35SH ń dé 150°C. Bí irú òòfà yìí bá ń gbóná, agbára rẹ̀ ń dín kù ní nǹkan bí 0.1% fún digiri kan; agídí ń já wálẹ̀ ní bí ìlọ́po márùn-ún ìyẹn. Ẹni tó bá wá fi ìwọ̀n òòfà tútù ṣe ìṣirò mọ́tò nínú kọ̀ǹpútà, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ. Igun òòfà ni kó wò, nígbà tí iná àti ooru bá ga jù lọ. Ibẹ̀ ló sábà ń kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀.

Bí mọ́tò bá ti wà lọ́wọ́, ẹ yọ iná rẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ mìíràn yí i, kí ẹ wọ̀n vólítì tó ń mú jáde. Ẹ wá lò ó títí yóò fi gbóná, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní eré kan náà. Bí vólítì kejì bá kéré sí ti àkọ́kọ́, òòfà ti juwọ́ sílẹ̀ díẹ̀ nìyẹn; agbára tó lọ yẹn kò ní dá padà fúnra rẹ̀.