Ara Sípọ́ọ̀tì, Ẹ́ńjìnì Corolla: Bí Ẹni Tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀ Ṣe Ń Ra Mọ́tò Onílẹ̀kùn Méjì Àkọ́kọ́ l'Ábẹ́òkúta

Mọ́tò onílẹ̀kùn méjì lè wà níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ fún oṣù mẹ́fà kí ẹnikẹ́ni má béèrè iye rẹ̀, nígbà tí Corolla tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti tà kó tó di ọjọ́ kẹta. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Wọn kò lè fi onílẹ̀kùn méjì ṣe kábúkábú. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta kò lè fi kó àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, ìyá oníṣòwò kò sì ní rí ibi tí yóò di ẹrù àdìrẹ tó rà n'Ítòkú sí. Àwọn tó ń wá irú rẹ̀ kò pọ̀, ẹni tó ń tà á sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀: ọkọ̀ tó jẹ́ ti olówó nígbà tó jáde tuntun á wá bọ́ sí iye tí òṣìṣẹ́ tó fi ọdún mẹ́ta dá àjọ lè rà.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú iye mọ́tò bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ kì í mú iye pátì rẹ̀ wálẹ̀. Ọkọ̀ náà lè ti pé ogún ọdún, síbẹ̀ iná iwájú rẹ̀, kọ́ńpúrẹ́sọ̀ AC rẹ̀ àti gíà rẹ̀ ṣì ń jẹ́ iye tí olówó tó kọ́kọ́ ni í ń san. Owó ìwọlé lásán ni iye tí wọ́n kọ sára gíláàsì. Ká sọ pé ₦4,500,000 ló wà lọ́wọ́ èèyàn, mọ́tò tí kò ju ₦3,000,000 lọ ló yẹ kó máa wò. Ìdá kan tó kù nínú mẹ́ta, kí ẹni tó ń ta ọkọ̀ má gbúròó rẹ̀ rárá. Òun ni yóò ra táyà, òun ni yóò sanwó ìwé, òun náà ni yóò tún àwọn ohun tó fara pamọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á ṣe. Ẹni tó bá ná gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kìíní, ọgbà mẹ́káníìkì ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò ti ṣe ọdún.

Ẹ́ńjìnì ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ yàn, kó tó yan àwọ̀ tàbí ìrísí. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò kì í sábà dá ẹ́ńjìnì tuntun sílẹ̀ torí sípọ́ọ̀tì tí kò wọ́n. Wọ́n á mú èyí tó ti wà nínú ọkọ̀ ẹbí, wọ́n á gbé e sínú ara tó rẹlẹ̀, tó mú ṣónṣó. Toyota Celica ọdún 2000 sí 2005 ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE, lítà 1.8, tó wà nínú Celica GT, òun náà ló wà nínú Corolla 2003 sí 2008 tó kún títì wa. Púlọ́ọ̀gì, fílítà, pọ́ǹpù omi àti sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Èyí tí kò bá sí ní tòsí, wọ́n á rí i ní Ládípọ̀ ní Muṣin. Ṣéènì ló ń darí táímìnì rẹ̀, kì í lo bẹ́líìtì tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀. Mẹ́káníìkì tó bá ti tú ẹ́ńjìnì Corolla rí kò nílò ẹni tó máa kọ́ ọ ní ti Celica GT. Ohun tí kò bá Corolla pín ni ara: bọ́ńpà, iná, gíláàsì àti ilẹ̀kùn. Èyí tí ara rẹ̀ bá pé, kódà kí ẹ́ńjìnì rẹ̀ máa ráhùn, ó sàn ju èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ dára tí bọ́ńpà rẹ̀ ti fọ́ lọ, nítorí ẹ́ńjìnì wà lọ́jà, bọ́ńpà kò sí.

Celica kan náà tún wà tí wọ́n ń pè ní GT-S. Ẹ́ńjìnì tirẹ̀ ni 2ZZ-GE, tí Yamaha bá Toyota ṣe, ó sì lágbára ju ti GT lọ dáadáa: 180 ẹṣin, nígbà tí GT ní 140. Ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ gan-an nínú sìlíńdà, bẹntiróòlù tó dára ju èyí tí gbogbo èèyàn ń lò lọ ló sì ń béèrè. Ilé epo wa kì í bi èèyàn pé èwo lo fẹ́ nínú bẹntiróòlù méjì. Ọ̀kan náà ni wọ́n ń tà. Fún ẹni tó ń ra àkọ́kọ́, kó mú GT, kó fi GT-S sílẹ̀.

1ZZ-FE náà ní àrùn tirẹ̀. Nínú àwọn tó ti jáde ṣáájú ọdún 2002, ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítọ́nù kéré jù, ríǹgì á dì, ẹ́ńjìnì á sì máa mu ọ́ìlì. Ẹni tó fẹ́ tà á lè da ọ́ìlì tó ki sínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀, kí èéfín lè fara pamọ́. Nítorí náà, ọ́ìlì ni kí wọ́n kọ́kọ́ fa ọ̀pá rẹ̀ jáde wò nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù.

Ẹni tí Celica kéré jù fún lè wo ìdílé Camry. Solara 2004 sí 2008 àti Scion tC 2005 sí 2010 ń lo 2AZ-FE, lítà 2.4, èyí tó wà nínú Camry tí gbogbo wa ń pè ní Big Daddy. Ó tún bọ́ sínú Camry tó tẹ̀lé e, tí wọ́n ń pè ní Muscle, ti 2007 sí 2009 sì ni wọ́n mọ̀ sí amuọ́ìlì, nítorí náà ọdún tí ọkọ̀ jáde ṣe pàtàkì níbẹ̀. Solara kan wà tó jẹ́ V6 (ẹ́ńjìnì onísìlíńdà mẹ́fà), lítà 3.3. Bẹ́líìtì ni tirẹ̀ ń lò, Toyota sì ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ bó bá rin nǹkan bíi kìlómítà 145,000. Honda Accord onílẹ̀kùn méjì 2003 sí 2007, àbúrò Accord onílẹ̀kùn mẹ́rin tí a ń pè ní End of Discussion, ń lo bẹ́líìtì bákan náà nínú V6 rẹ̀. Bẹ́líìtì Honda yẹn bá já lórí eré, fáálíìfù á kọlu písítọ́nù, ẹ́ńjìnì á sì bàjẹ́ pátápátá. Gíà ọ̀tọ̀mátíìkì V6 ti 2003 àti 2004 náà ní ìtàn: Honda fúnra rẹ̀ pè wọ́n padà lọ́dún 2004 nítorí gíà kejì tó ń gbóná jù.

Àwọn kan wà tó rẹwà, tó sì yẹ kí ẹni tó ń ra àkọ́kọ́ rọra gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Mazda RX-8 ni olórí wọn. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ní písítọ́nù. Ohun tó ní igun mẹ́ta ló ń yí po nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an, ó gbọ́dọ̀ máa sun ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀, irinṣẹ́ tó ń wọn agbára rẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí mẹ́káníìkì wa ní lọ́wọ́. BMW E46 onílẹ̀kùn méjì dùn ún wà, èyí dájú, ṣùgbọ́n rọ́bà líle ni agolo omi rẹ̀ àti ilé tẹ́mósítáàtì rẹ̀. Ó ń sán bó bá ti pẹ́ nínú ooru, omi á sì tán láàárín títì. Kì í ṣe pé ọkọ̀ náà burú. Owó ìtọ́jú rẹ̀ ni kò bá owó tí wọ́n fi rà á dọ́gba.

Tí wọ́n bá ti rí ọkọ̀ tó bá ọkàn mu, VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, ló kàn. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ó sì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: Y ni 2000, 1 ni 2001, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 9 tó jẹ́ 2009, A sì ni 2010. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J, Japan ni wọ́n ti ṣe é. W ni Jámánì. 1, 4 tàbí 5 ni Amẹ́ríkà. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú VIN kankan, nítorí náà èyí tó bá ní wọn, ayédèrú ni. Tí èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú bá sọ 2005, tí ti ilẹ̀kùn sì sọ 2002, ọkọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀ yẹn.

Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù wá ni ibi tí ìpínlẹ̀ Ògùn ti yàtọ̀. A bá orílẹ̀-èdè Benin pààlà ní Ìdí-Ìrókò, oṣù kìíní ọdún 2017 sì ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò wọlé gba orí ilẹ̀. Ọkọ̀ tó bá gba inú igbó wọlé lè dín ní owó púpọ̀, ó sì lè má ní àbùkù kankan lára, ṣùgbọ́n àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lè dá a dúró lójú títì kí wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé e lọ́wọ́ ẹni tó wà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ló kó o wọlé. Kí wọ́n rí ìwé owó ibodè tí VIN ọkọ̀ wà lórí rẹ̀ ní kíkún kí wọ́n tó ná owó. Kí wọ́n sì ṣọ́ra fún sípọ́ọ̀tì Japan tí wọ́n yí stẹ́ẹ̀rìn rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Wáípà tó ṣì ń nu gíláàsì fún ẹni tó jókòó sọ́tùn-ún á tú àṣírí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló jẹ́ èyí tó ti ní jàǹbá tàbí tí omi ti bò l'Ámẹ́ríkà, tí wọ́n tà ní gbàǹjo, tí wọ́n sì tún ṣe níbí. Kí wọ́n fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí: ẹrẹ̀ tó bá wà níbẹ̀, omi ló gbé e wá. Kí wọ́n wo orí nọ́ọ̀tì tó mú fẹ́ńdà àti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀dà rẹ̀ bá ti họ, wọ́n ti tú u rí, ohunkóhun tí wọ́n bá sọ nípa fáàsì bọ́dì, ìyẹn ara tí wọn kò tíì tún kùn rí. Kí wọ́n ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtíì ta ẹ́ńjìnì: iná ẹ́ńjìnì àti ti ẹ́ábáàgì gbọ́dọ̀ tàn. Èyí tí kò tàn rárá, ẹnìkan ló yọ gílóòbù rẹ̀. Gbogbo mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ojú ihò tí rìwáyà lè fi ẹ̀rọ sìkánà sí, owó sìkánà yẹn sì ni owó kékeré tó wúlò jù nínú gbogbo ètò yìí. Nọ́ńbà tó wà lórí gáàjì, máìlì ni, kì í ṣe kìlómítà: 120,000 níbẹ̀ ti ju kìlómítà 190,000 lọ.

Gígùn òkè ni ìdánwò tó kù. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sáàárín òkúta lọ́dún 1830 kò lè ṣàìní gẹ̀rẹ́, ìyẹn sì fún ará Abẹ́òkúta ní ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń ra mọ́tò lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Kí wọ́n dé bá ẹ́ńjìnì ní tútù. Bó bá ti gbóná kí wọ́n tó dé, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì. Kí wọ́n ta á, kí ẹnìkan dúró sẹ́yìn wo èéfín. Èyí tó láwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Funfun tí kò lọ, omi ti ń wọnú ẹ́ńjìnì, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì sì ni wọn yóò dárúkọ. Lẹ́yìn náà kí wọ́n tan AC sílẹ̀, kí wọ́n wà á gun òkè Aké tàbí ọ̀nà tó yí Olúmọ ká, kí wọ́n sì dá a dúró ní àárín gẹ̀rẹ́. Nígbà tó bá tún fẹ́ lọ, bí ẹ́ńjìnì bá ń ké tí ọkọ̀ kò sì sáré, gíà ti ń yọ̀. Ọwọ́ gáàjì ooru kò gbọ́dọ̀ kọjá àárín. Ìṣẹ́jú ogún irú èyí sàn ju wíwà á ní títẹ́jú láti ibí dé Ṣágámù.

Lójú ọ̀nà kan náà ni wọn yóò ti mọ̀ bóyá ọkọ̀ náà bá ilé wọn mu. Ara tó rẹlẹ̀ á gbo bọ́ǹpù, ojú títì tó ti jìn á sì tẹ rímù tí táyà rẹ̀ fẹ́lẹ́. Rímù kékeré pẹ̀lú táyà tó nípọn yẹ sípọ́ọ̀tì níbí, bí kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ wuyì. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn DOT lára táyà ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Ìwé tó kù kò le. Ìwé ìyípadà orúkọ ni kí wọ́n má fi falẹ̀. Ìnṣọ́ránsì ẹnì kẹta ti jẹ́ ₦15,000 fún ọkọ̀ àdáni láti oṣù kìíní ọdún 2023, ẹlòmíràn nìkan ló sì ń bò: ikú tàbí ìpalára rẹ̀, àti ohun ìní rẹ̀ títí dé ₦3,000,000. Kò kan ọkọ̀ ẹni. Gíláàsì dúdú nílò àṣẹ ọlọ́pàá lábẹ́ òfin ọdún 1991, sípọ́ọ̀tì tó ti dúdú tẹ́lẹ̀ sì wọ́pọ̀, nítorí náà kí wọ́n béèrè ìwé yẹn tàbí kí wọ́n bó o kúrò.

Owó, báǹkì sí báǹkì, sí orúkọ tó wà lórí ìwé ọkọ̀, lẹ́yìn tí kọ́kọ́rọ́ méjèèjì àti ìwé bá ti wà lórí tábìlì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, ọ́ìlì gíà, omi rẹdiétọ̀ àti ọ́ìlì bíréèkì ni kí wọ́n pààrọ̀, ohunkóhun tí ẹni tó tà á bá sọ pé òun ti ṣe. Bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì oníbẹ́líìtì, kí wọ́n fi tuntun sí i ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti iye máìlì sórí bébà, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.