Àwọn Àméníà àti àwọn Túrkì lókè òkun: ta ló rí já jẹ jù?

Àbúrò mi obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Köln, ní Jámánì. Àwọn Túrkì ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gbé páálí níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jáde girama wà ní Glendale, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Los Angeles. Àwọn arúgbó ni òun ń lọ tọ́jú nílé wọn, ará Àméníà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì lórí WhatsApp ní ọjọ́ Àìkú kan, kò tíì tán ní Ọjọ́bọ̀, ni wọ́n bá gbé e wá bá mi. Ìbéèrè àbúrò mi rèé, pẹ̀lú èsì tí mo fún un. Èébú nìkan ni mo yọ kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa dá sí i. Ọ̀rẹ́ mi ní àwọn Àméníà tí òun ń rí ló ni ilé, ló ni ṣọ́ọ̀bù wúrà, ọmọ wọn ló ń ṣe lọ́yà àti dókítà. Àwọn Túrkì tí èmi ń bá ṣiṣẹ́, bàbá wọn ṣe iṣẹ́ agbára, àwọn náà ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ìlú wọn pààlà. Ṣé àwọn kan gbọ́n ju àwọn kan lọ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Túrkì ti Jámánì lo mú, òun mú Àméníà ti California, ẹ wá gbé àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá wo àwọn Túrkì tó wà ní Amẹ́ríkà lọ́dọ̀ tirẹ̀, nǹkan mìíràn ló máa rí. Aziz Sancar, tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́mísírì ní 2015, Savur ni wọ́n bí i sí ní Túrkì. Ó ti di dókítà kó tó lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Texas. Bàbá Mehmet Oz, dókítà orí tẹlifíṣàn yẹn, ti gboyè ìṣègùn kó tó kúrò nílé. Hamdi Ulukaya, ọmọ ẹ̀yà Kurd láti Túrkì, lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní New York ní 1994. Ní 2005 ó ra ilé iṣẹ́ yúgọ́ọ̀tì kan tí àwọn tó ni ín ti fẹ́ pa tì, ibẹ̀ ni yúgọ́ọ̀tì Chobani ti jáde.

Ìwé ìrìnnà Túrkì ni gbogbo wọn mú jáde nílé. Òun náà sì ni bàbá àwọn tó ń bá ọ gbé páálí mú jáde. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹnu ọ̀nà tí kálukú gbà wọlé ni ká kọ́kọ́ wò.

Ìbéèrè: Ẹnu ọ̀nà ti Jámánì ńkọ́?

Ìdáhùn: Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹwàá, ọdún 1961, ìjọba Jámánì ti Ìwọ̀-oòrùn àti ti Túrkì fọwọ́ sí àdéhùn. Èédú wà nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó máa wà á, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sì ń wá ẹni tó máa dúró ti ẹ̀rọ. Jámánì kò ránṣẹ́ pe dókítà, kò ránṣẹ́ pe oníṣòwò. Ọwọ́ àti ẹ̀yìn ló ránṣẹ́ pè.

Wọ́n ṣí ọ́fíìsì sí Istanbul. Àwọn tó fẹ́ lọ á tò wọlé, wọ́n á bọ́ra sílẹ̀ ku pátá, bí ẹni tó fẹ́ wọ ṣọ́jà. Dókítà á ní kí wọ́n la ẹnu, á wo eyín wọn, á ní kí wọ́n tọ̀ sínú ìgò, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún nàró. Nígbàkígbà tí mo bá rántí eyín wíwò yẹn, ẹṣin tí wọ́n ń tà lọ́jà ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹni tó bá yege á gba ìwé iṣẹ́, á wọ ọkọ̀ ojú irin ní Sirkeci, ibùdókọ̀ kan ní Istanbul, ó di Munich ní Jámánì. Ní pèpéle 11 níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pín wọn: ẹ̀yin, ó di Köln, lọ́dọ̀ Ford, ẹ̀yin, ó di agbègbè Ruhr, nínú kòtò èédú. Àwọn tó mọṣẹ́ ọwọ́ gidi wà nínú wọn, àwọn obìnrin tó lọ to ẹ̀yà rédíò ní Berlin náà wà níbẹ̀, àmọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù sí.

Gastarbeiter ni Jámánì ń pè wọ́n, àlejò tó wá ṣiṣẹ́. Àdéhùn àkọ́kọ́ ní ọdún méjì ni kí wọ́n lò kí wọ́n padà sílé. Ní 1964 ni wọ́n yọ ìyẹn kúrò, torí àwọn ilé iṣẹ́ ò fẹ́ máa kọ́ ẹni tuntun níṣẹ́ lójoojúmọ́. Síbẹ̀ àlejò ṣì ni wọ́n, nínú ìwé àti nínú ọkàn ara wọn. Owó tí wọ́n bá rí, abúlé wọn ní Anatolia, nílé ní Túrkì, ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí, ilé ló ń bá wọn kọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ti London kọ́lé sí Ìjẹ̀bú tí kò tíì sùn nínú rẹ̀ ní alẹ́ mẹ́wàá yóò mọ ohun tí mò ń wí.

Ìbéèrè: Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, ẹ̀gbọ́n. Kí ló dé táwọn ọmọ ò tètè gòkè?

Ìdáhùn: Àwọn tó gòkè wà, wọn ò sì kéré mọ́. Cem Özdemir, ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ti Túrkì wá, di mínísítà ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ní 2021. Ṣùgbọ́n wo ohun tó wà lọ́nà. Ní oṣù Kọkànlá 1973, Jámánì ní òun ò gba òṣìṣẹ́ mọ́. Ẹni tó bá lọ sílé lè má ráàyè wọlé mọ́, nítorí náà wọ́n jókòó, wọ́n ránṣẹ́ pe ìyàwó àti ọmọ. Bí ìdílé ṣe ń dé ni iṣẹ́ èédú àti irin ń lọ sílẹ̀. Ní 1983 ìjọba tún gbé 10,500 máàkì, owó Jámánì ìgbà yẹn, kalẹ̀ fún òṣìṣẹ́ àlejò tó bá gbà láti kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé.

Ọmọ wá dé ilé ìwé. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Jámánì, bí ọmọ bá ti pé bí ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ti ń pín wọn: ìwọ, Gymnasium, tó já sí yunifásítì, ìwọ, Hauptschule, tó já sí iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ tó jẹ́ èdè Túrkì nìkan ló gbọ́ nílé, tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru, ọdún mẹ́rin péré ló ní láti fi bá ọmọ dókítà dọ́gba. Ìwé ọmọ onílùú tún wà níbẹ̀. Wọ́n lè bí ẹ sí Köln kó o sì jẹ́ àlejò títí o fi dàgbà. Ní 2000 ni òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ ní ìwé, bí òbí wọn bá ti pẹ́ tó nílùú. 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí Túrkì mú ti Jámánì láìju ti ilé nù.

O rántí abẹ́rẹ́ kòrónà ti BioNTech? Tọkọtaya kan wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Uğur Şahin lọkọ, bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Ford ní Köln tó o wà yẹn. Özlem Türeci nìyàwó, dókítà ni bàbá tirẹ̀. Ẹnu ọ̀nà méjì ló pàdé lábẹ́ òrùlé kan.

Ìbéèrè: Àwọn Àméníà ńkọ́? Ṣé olówó ni wọ́n dé Amẹ́ríkà?

Ìdáhùn: Ìṣẹ́ ni púpọ̀ wọn gbé dé. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, torí náà jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ ìjọba Ottoman, ìjọba Túrkì àtijọ́, àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Àméníà lápá ìlà-oòrùn, àmọ́ àwọn kan wà nínú òwò, iṣẹ́ wúrà àti ilé kíkọ́. Ìdílé Balyan ló kọ́ ààfin Dolmabahçe fún Sultan. Ìdílé Zildjian ń rọ kímbálì ní Istanbul láti 1623, kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ náà dé Massachusetts ní Amẹ́ríkà ní 1929. Ìjọ wọn ní ilé ìwé, àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà náà dá tiwọn sílẹ̀, bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì Euphrates ní ìlú Harput, lápá ìlà-oòrùn yẹn. Fi Harput yẹn sọ́kàn.

Ìpakúpa ti 1894 sí 1896 dé, 1915 wá burú jù ú lọ. Ìjọba lé wọn kúrò nílé lọ sí aṣálẹ̀ Síríà, wọ́n ń pa wọ́n lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn gbà pé àwọn tó kú tó mílíọ̀nù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìpẹ̀yàrun sì ni wọ́n ń pè é. Ìjọba Túrkì kò gba orúkọ yẹn títí dòní. Nínú àwọn tó ṣẹ́ kù, àwọn kan dé Marseille ní Faransé pẹ̀lú ìwé Nansen, ìwé ìrìnnà ẹni tí kò nílùú. Ilé iṣẹ́ sílíkì àtọwọ́dá ní Décines ní Faransé, ilé iṣẹ́ rọ́bà ní Watertown àti ilé iṣẹ́ wáyà ní Worcester ní Massachusetts, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Ní Fresno ní California, níbi tí wọ́n ti ń gbin àjàrà, àwọn ìwé ilé kan kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé Àméníà ò gbọdọ̀ rà á. Fi Àméníà Fresno ti 1920 wé Túrkì Köln ti 1970, ìyàtọ̀ tó o máa rí ò tó nǹkan.

Òfin ló kọ́kọ́ yà wọ́n. Ìjọba Amẹ́ríkà gbé Tatos Cartozian, oníṣòwò kápẹ́ẹ̀tì ní Portland, lọ sí kóòtù pé Àméníà kì í ṣe òyìnbó, kí wọ́n gba ìwé ọmọ onílùú lọ́wọ́ rẹ̀. Cartozian jàre ní 1925. Ó dà bí àwàdà, kí odidi adájọ́ jókòó máa yẹ ìran ènìyàn wò bóyá ó funfun tó. Síbẹ̀ jíjẹ́ òyìnbó níwájú òfin ló jẹ́ kí àgbẹ̀ Àméníà lè ra ilẹ̀ ní California, nígbà tí òfin kan náà ń di àwọn ará Japan lọ́wọ́. Ọmọ tí wọ́n bá sì bí níbẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà ni lọ́jọ́ tó dáyé. Fresno ni wọ́n bí Kirk Kerkorian sí ní 1917. Kò parí ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ ó di ọlọ́kọ̀ òfuurufú, ó sì di alágbára nínú ilé tẹ́tẹ́ Las Vegas. George Deukmejian, ọmọ Àméníà, di gómìnà California ní 1983.

Wàyí o, Harput. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, àwọn Túrkì àti Kurd láti agbègbè yẹn náà lọ sí Massachusetts, wọ́n ń ṣe awọ ní àwọn ilé iṣẹ́ Peabody. Ìlú kan náà, òkun kan náà, irú iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn Àméníà. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ wà nílé ló pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Túrkì tuntun dìde ní 1923, púpọ̀ wọn kó ẹrù, ó dilé. Àjò kì í dùn kónílé má rèlé. Àmọ́ Àméníà ò nílé tó máa rè. Ilé rẹ̀ ní Harput, ẹlòmíràn ló ń sùn nínú rẹ̀. Owó tí ẹnì kejì rẹ̀ ì bá fi kọ́lé sí abúlé, ṣọ́ọ̀bù ló fi rà síbi tó wà, owó ilé ìwé ọmọ ló fi san. Èmi ò ní pe ìyẹn ní ọgbọ́n. Ibòmíràn ni kò sí.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ lọ̀rẹ́ mi wá sọ nípa Glendale?

Ìdáhùn: Ìdajì òótọ́ ni. Púpọ̀ nínú àwọn ará Glendale kì í ṣe ọmọ àgbẹ̀ Fresno. Ogun Lẹ́bánónì ní 1975 lé àwọn kan wá láti Beirut, ìyípadà ìjọba Iran ní 1979 lé àwọn mìíràn wá láti Tehran. Àwọn wọ̀nyí ti ń ṣòwò, wọ́n gbọ́ èdè mẹ́ta mẹ́rin, àwọn kan sì gbé owó dání. Àwọn tó wá láti Àméníà tó wà lábẹ́ Soviet, digirì ló wà lọ́wọ́ tiwọn, Gẹ̀ẹ́sì ni kò sí. Ẹnjiníà láti Yerevan, olú-ìlú Àméníà, á máa wa takisí ní Hollywood.

Bi ọ̀rẹ́ rẹ pé ta ló ń san owó iṣẹ́ rẹ̀. Ní California, bí arúgbó ò bá lówó lọ́wọ́, ìjọba lè máa san owó ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, màmá tó ń fi kọfí inú ife kékeré yẹn ṣe é lálejò, tálákà ni nínú ìwé ìjọba, bí ilé ọmọ rẹ̀ bá tilẹ̀ ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Kúrò ní Amẹ́ríkà wàyí. Russia ni Àméníà pọ̀ sí jù lẹ́yìn odi ìlú wọn. Àwọn ọkùnrin Gyumri, ìlú kan ní Àméníà, ń lọ po símẹ́ǹtì níbẹ̀, bí òtútù bá dé wọ́n á padà sílé. Ní Istanbul, àwọn obìnrin láti Àméníà ń gbálẹ̀, wọ́n ń bá àwọn Túrkì tọ́ ọmọ, ọ̀pọ̀ wọn láìní ìwé. Wọ́n ti ẹnubodè àárín ìlú méjèèjì pa ní 1993, ẹni tó bá gba orí ilẹ̀ wá ń gba Georgia yípo. Níbẹ̀, Túrkì lọ̀gá, Àméníà lọmọ ọ̀dọ̀.

Ìbéèrè: Daron Acemoglu tó gba Nobel ètò ọrọ̀ ajé ní 2024 ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi ní tàwọn Àméníà ni, Túrkì tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní tàwọn ni.

Ìdáhùn: Istanbul ni wọ́n bí i sí, Àméníà sì ni. Ẹ gé e sí méjì.

Ìbéèrè: Ṣé kò sí ìṣirò tá a lè wò ká fi parí ìjà yìí?

Ìdáhùn: Ìṣirò wà, ṣùgbọ́n wo ẹni tí wọ́n ń kà. Ní Amẹ́ríkà, ènìyàn fúnra rẹ̀ ló ń kọ ìran tó ti wá. Jámánì ò béèrè ìran, ìwé ìlú wo lo ní àti ibo lòbí rẹ ti wá ni wọ́n ń béèrè. Nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Túrkì níbẹ̀, Kurd wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, Àméníà Istanbul náà wà níbẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣí ṣọ́ọ̀bù wúrà sí Köln, Túrkì tó lówó ló dà nínú ìwé. Ti Faransé tún yàtọ̀, òfin kì í jẹ́ kí ìjọba máa ka ènìyàn ní ẹ̀yà-ẹ̀yà.

Bó o bá fẹ́ fi wọ́n wéra lóòótọ́, mú ìlú kan, mú ìgbà kan, mú ọmọ ẹni tó kọ́kọ́ dé wé ọmọ ẹni tó kọ́kọ́ dé. Kó o sì wo ajọ̀ tí wọ́n fi jọ̀ wọ́n lẹ́nubodè. Àwa náà ńkọ́? Ìdá àwọn tó ní digirì nínú ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Amẹ́ríkà pọ̀ ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn lọ. Inú wa máa ń dùn bí wọ́n bá sọ ọ́, a kì í rántí iye èèyàn tí ẹ́ḿbásì ti dá padà sílé.

Ìbéèrè: Ta ló wá jàre nínú àwa méjèèjì?

Ìdáhùn: Ní kí ọ̀rẹ́ rẹ bi màmá oníkọfí yẹn bóyá Beirut ló ti wá, tàbí Tehran, tàbí Yerevan. Ìwọ náà, bi àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé páálí pé ta ló kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin nínú ìdílé wọn. Ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí mi, àmọ́ ẹ kọ ọ́, ẹ má fi ohùn ránṣẹ́. Dátà mi ti ń tán lọ.